Ọwọ́ Ìyá Àgbà àti Ẹnu Ràkíyá

Bí ẹ bá wọ agbo ilé wa ní Kambolé ní àárọ̀ èyíkéyìí ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ikọ́ àbúrò mi lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Yóò ti ṣáájú ìró odó, yóò ti ṣáájú igbe àwọn ewúrẹ́ tí a kò tíì tú sílẹ̀, yóò sì ti ṣáájú ohùn bàbá wa tí wọ́n máa ń bá alùpùpù wọn jà nítorí pé kì í tètè jí. Ràkíyá lorúkọ àbúrò mi. Mo ti dàgbà tó ẹni tó ń ru garawa omi nígbà náà, òun náà sì ti kúrò lọ́mọ ọwọ́, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ kò dúró dáadáa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì a máa le gbagidi tí a bá gbé e, ọwọ́ rẹ̀ kan a sì ká mọ́ àyà. Kì í sọ̀rọ̀. Ẹ̀rín ló mọ̀ ọ́n rín, ẹ̀rín tí gbogbo ara rẹ̀ fi ń rín, tí ẹni tó gbé e dání náà á máa gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ nínú ilé yẹn. Mo ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí, mo ń tajà ní Sokodé, ẹnu mi sì mú gan-an lọ́jà, àmọ́ tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Ràkíyá, ohùn mi á kàn rọ̀ fúnra rẹ̀ ni.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá wa, ló ń fún un lóúnjẹ. Kò sí ọmọ kan nínú agbo ilé wa tí kò gba ọwọ́ wọn kọjá. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rírọ ọmọ fún ẹ̀yin tí ìyá yín fi ṣíbí tọ́. Ìyá Àgbà á jókòó sórí àpótí, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n á tẹ́ ọmọ gbalaja sórí itan, orí rẹ̀ á rọ̀ sẹ́yìn díẹ̀ lápá orúnkún. Kókó tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ á wà nínú igbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìyẹn ẹ̀kọ mímu tí a fi àgbàdo oko wa ṣe. Wọ́n á ká ọwọ́ òsì kòtò sábẹ́ ètè ọmọ, wọ́n á da kókó sí i, ìka kan á sì rọra tẹ imú. Ọmọ fẹ́ mí èémí, ó la ẹnu, kókó wọlé. Ọmọ kígbe, kókó wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni títí igbá á fi gbẹ. Ẹni tí kò rí i rí á rò pé wọ́n fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ ni. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á máa wo ikùn ọmọ tó ń yọ, á sì máa kí wọn kú iṣẹ́. Àwọn obìnrin a máa gbé ọmọ tó bá kọ oúnjẹ wá láti òpin ìlú, àwọn kan tiẹ̀ ń ti ọ̀nà Koussountou wá, Ìyá Àgbà á sì fọ ọwọ́ wọn, wọ́n á ní, "Bìsìmílà. Gbé e wá kí n bá a sọ̀rọ̀." Ọ̀rọ̀ kẹ̀! Kò sí ọmọ tó dá wọn lóhùn rí.

Ṣùgbọ́n kókó a máa pá Ràkíyá lórí. Kò sí ìgbà tí wọ́n rọ ọ́ tí kì í húkọ́, ojú rẹ̀ á pọ́n, òógùn á bò ó. Ìyá Àgbà á gbé e nílẹ̀, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i ní àtàrí, wọ́n á fọwọ́ pa á láyà, wọ́n á ní, "Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi, pẹ̀lẹ́. Ó kù díẹ̀," wọ́n á sì tún tẹ́ ẹ sílẹ̀. Nígbà tó bá yá, ara rẹ̀ á gbóná, àyà rẹ̀ á máa dún kùrùkùrù, a ó sì gbé e dìde lọ sí dìsípáńsà, ilé ìwòsàn kékeré ìlú wa. Wọ́n á fún un lábẹ́rẹ́, wọ́n á fún wa ní oògùn oníṣúgà inú ìgò. Ikọ́ náà á lọ, á tún padà. Gbogbo ìgbà tó bá sì padà, á bu ẹran díẹ̀ lára rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo bá pọ̀n ọ́n, eegun ìhà rẹ̀ máa ń gún mi lẹ́yìn. Ẹ̀rù tó ń ba gbogbo wa, tí ẹnì kankan kò sọ síta, ni pé ọ̀kan nínú ikọ́ yẹn ló máa mú un lọ.

Kí ẹ má sì rò pé Ìyá Àgbà kò fẹ́ràn rẹ̀ o. Obìnrin aládùúgbò kan wá kí wa lọ́jọ́ kan, ó jókòó, ó mu omi tán, ó wá ní ọmọ àlùjọ̀nnú ni irú ọmọ báyìí, pé ní ìgbà àwọn ìyá wọn, wọ́n mọ ibi tí wọ́n ń gbé e lọ. Ìyá mi kàn di abọ́ ọwọ́ wọn mú. Ìyá Àgbà ló dìde. Wọ́n gbé omi tí a fi fọ àwo, pẹ̀lú àjẹkù inú rẹ̀, wọ́n dà á sí obìnrin náà lẹ́sẹ̀. "Ṣé o rí ẹnu ọ̀nà yẹn?" ni wọ́n bi í. "Gba ibẹ̀. Tí o bá tún fẹ́ rí àlùjọ̀nnú, wá wò mí lọ́la." Obìnrin náà sáré débi pé ó gbàgbé bàtà rẹ̀ kan, ìyá mi ló padà ní kí n gbé e lọ fún un. Irú ènìyàn tí Ìyá Àgbà jẹ́ nìyẹn. Gbogbo agbára tí wọ́n ní ni wọ́n fi ń rọ Ràkíyá, torí wọ́n rí i pé ó ń rù.

Táńtí Mẹ́múnà, àbúrò bàbá wa obìnrin tó ń ta aṣọ ní ọjà ńlá Sokodé, ló tẹ fóònù lọ́jọ́ kan. Bàbá gun orí odó tí a dojú rẹ̀ dé, torí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé nínú agbo ilé wa, gbogbo wa sì dúró yí wọn ká. Ohùn Táńtí máa ń jáde nínú fóònù débi pé ẹni tó wà lẹ́yìn ilé á gbọ́. Wọ́n ní oníbàárà wọn kan ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, pé ọmọ náà ń jókòó báyìí, pé ó ń sanra. Ibì kan wà ní Sokodé tí wọ́n ti ń tọ́jú irú wọn, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní kíné ló ń ṣe é, ẹni tó ń fi ọwọ́ tọ́jú iṣan àti oríkèé. "Ẹ gbé ọmọ náà wá," ni Táńtí wí. "Ẹ má jẹ́ kí n tún un sọ. Tí mo bá ní láti wá gbé e fúnra mi, gbogbo ilé yẹn ló máa gbọ́." Bàbá sọ̀ kalẹ̀ lórí odó, wọ́n ní a ó lọ. Ìyá Àgbà ní àwọn náà ń lọ. Bàbá ní ọ̀nà jìn, eruku pọ̀. "Ta ló máa rọ ọ́ níbẹ̀?" ni Ìyá Àgbà bi wọ́n. "Ṣé ìwọ ni?" Báyìí la ṣe gba ọkọ̀ lọ sí Tchamba, ìyá mi, Ìyá Àgbà, Ràkíyá, àti èmi tí mo gbé ìkòkò kókó dání. Ọjọ́ ọjà ni, iṣu ti gba gbogbo ojú ọ̀nà, a sì dúró pẹ́ kí tàksí tó ń lọ Sokodé tó kún. Ràkíyá ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo alùpùpù tó bá kọjá.

Kíné náà kéré lójú mi, ọ̀dọ́mọbìnrin Kótókólì, ẹ̀yà tó ni Sokodé, tó wọ bàtà pẹlẹbẹ, tí orí rẹ̀ wà nínú ìborùn búlúù. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó kúnlẹ̀ síwájú Ràkíyá, ó sì kí i. Òun ló kọ́kọ́ kí, kó tó wá kí àwa. Ìyá mi fọwọ́ kàn mí léjìká, wọ́n rọra sọ pé, "Ṣé o rí i? Ó kí i." Kíné na ẹsẹ̀ Ràkíyá, ó tẹ̀ ẹ́, ó fọwọ́ yí ọrùn rẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ ní Kótókólì bí ẹni pé ọmọ náà ń dá a lóhùn, Táńtí Mẹ́múnà tó wá pàdé wa níbẹ̀ sì ń sọ ọ́ ní èdè wa fún wa. Nígbà tó yá, ó bi wá báwo ló ṣe ń jẹun. Inú Ìyá Àgbà dùn. Wọ́n ti ń retí kí ẹnì kan bi wọ́n. Wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n béèrè àpótí, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n tẹ́ Ràkíyá sórí itan, wọ́n ní kí n bu kókó wá. Gbogbo àwọn ìyá tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri pẹ̀lú ọmọ wọn ló ń wò wọ́n. Kókó àkọ́kọ́ wọlé. Ìkejì pá a lórí. Ràkíyá na gbogbo ara le, ojú rẹ̀ yí, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dú, kíné sì ti gbé e kúrò lórí itan wọn kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó dà á dojú kọ ilẹ̀ lórí apá rẹ̀, ó ń gbá a lẹ́yìn títí èémí rẹ̀ fi padà.

Kíné kò jágbe. Ó gbé Ràkíyá mọ́ èjìká, ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù, Táńtí sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún wa, àmọ́ ohùn ńlá Táńtí ti wálẹ̀. Ó ní ọ̀fun ọmọ yìí kò yára bíi ti ọmọ mìíràn. Tí wọ́n bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, oúnjẹ á gba ọ̀nà èémí wọnú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ni ikọ́ náà ti ń wá, ibẹ̀ ni ara gbígbóná ti ń wá. Ìyá Àgbà wo ọwọ́ wọn tí kókó ṣì wà nínú rẹ̀. "Bi í," ni wọ́n sọ fún Táńtí. "Bi í bóyá èmi ni mò ń pa ọmọ ọmọ mi." Táńtí kò bi í. Táńtí Mẹ́múnà tó ń bá gbogbo ọjà Sokodé jà wo ilẹ̀. Ìyá Àgbà wá gbé ohùn sókè, wọ́n ní irọ́ ni, wàláhì irọ́ ni, pé àwọn rọ bàbá ọmọ yìí, àwọn rọ àwọn àbúrò rẹ̀, àwọn rọ èyí tó ru ìkòkò yìí, pé kò sí èyí tó kú lọ́wọ́ àwọn nínú wọn.

Ìyá mi ló ṣe ohun tí mo ń rántí títí dòní. Ẹ mọ̀ pé obìnrin ilé ni wọ́n, ìyàwó tó ń kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ ní gbogbo òwúrọ̀, tí kò bá wọn jiyàn rí lórí iyọ̀ ọbẹ̀ pàápàá. Wọ́n tú ìborùn wọn, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n dùbúlẹ̀ gbalaja lójú gbogbo ènìyàn, wọ́n sì gbé orí lé itan Ìyá Àgbà. "Ìyá," ni wọ́n wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọ èmi náà wò." Ìyá Àgbà ní kí wọ́n dìde, pé kí ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn ò dìde. "Ẹ rọ mí, Ìyá. Mo fẹ́ mọ bó ṣe ń rí lára ọmọ mi." Ìyá Àgbà ká ọwọ́, wọ́n da kókó sí i, wọ́n tẹ imú ìyàwó ọmọ wọn. Ìyá mi gbé e mì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbìyànjú àti gbé ìkejì mì, ó pá wọn lórí, wọ́n dìde jókòó lójijì, wọ́n ń húkọ́, omi ń dà lójú wọn, wọ́n ń wá èémí. Irú ikọ́ Ràkíyá gan-an ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìyá Àgbà fi aṣọ ara wọn nu ọwọ́, wọ́n nù ún, wọ́n tún un nù, nígbà tó ti gbẹ pàápàá wọ́n ṣì ń nù ún.

Ọjọ́ náà ni kíné kọ́ wa. Ràkíyá gbọ́dọ̀ jókòó, kí ẹ̀yìn rẹ̀ rí nǹkan fara tì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilẹ̀, kí orí rẹ̀ rọ̀ síwájú díẹ̀. Ṣíbí kékeré. Oúnjẹ tó ki díẹ̀ sàn fún un ju èyí tó ń ṣàn lọ. Kí a dúró kó gbé e mì kí a tó fún un ní òmíràn, kí a má sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Kò ṣèlérí fún wa pé á rìn. Ìyá mi béèrè, ó sì sọ òtítọ́ fún wọn pé òun ò mọ̀, pé ohun tí òun mọ̀ ni pé ó lè jẹun láìjìyà, ó lè jókòó, ó lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Nígbà tí a ń lọ, ó di ọwọ́ Ìyá Àgbà mú, ó ní kí Táńtí sọ fún wọn pé ọwọ́ náà kò burú, ọ̀fun ọmọ ló yàtọ̀. Ìyá Àgbà mi orí.

Nílé, Bàbá mú agbọ̀n ńlá tí a fi ń kó iṣu, wọ́n gé iwájú rẹ̀ kúrò, wọ́n ká aṣọ sí ọ̀tún àti òsì, wọ́n fi pákó sí ìsàlẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè tẹ nǹkan. Ràkíyá wọ inú rẹ̀, ó bá a mu. Mo rò pé wàhálà ti tán. Ìyá mi ń se kókó tó ki, wọ́n jókòó síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí. Ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Ràkíyá pa ẹnu dé. Ṣíbí á dé ètè, á pa eyín pọ̀, á yí ojú sápá kan. Ìyá mi á kọrin, wọ́n á bẹ̀ ẹ́, èmi náà á máa jó níwájú rẹ̀ bí wèrè, díẹ̀ díẹ̀ ni á gbà, á sì tu púpọ̀ nínú rẹ̀ dànù. Òwúrọ̀ á lọ tán lórí abọ́ kan, koríko ń gba oko àgbàdo ìyá mi. Ní ti Ìyá Àgbà, wọ́n ti sọ pé àwọn ò ní fọwọ́ kan oúnjẹ ọmọ náà mọ́ láyé. Wọ́n gbé àpótí wọn lọ sábẹ́ igi ẹ̀mí tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, wọ́n kẹ́yìn sí wa, wọ́n ń fa tẹ̀sùbáà. Àwọn obìnrin tó gbé ọmọ wá, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ.

Ràkíyá tún rù sí i. Ibẹ̀ ni Bàbá ti bínú. Wọ́n ti oko dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n rí abọ́ kókó tó kún bó ṣe wà láàárọ̀. "Ikọ́ ò pa á, ebi ló máa wá pa á," ni wọ́n wí. "Ìyá, ẹ wá ṣe é bí ẹ ṣe ń ṣe é. Ó kéré tán, nǹkan ń wọ ikùn rẹ̀." Ìyá Àgbà kò yíjú. Ìyá mi dìde láàárín wọn, ṣíbí wà lọ́wọ́ wọn. "Ẹni tó bá máa tẹ́ ẹ sílẹ̀," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́, "á kọ́kọ́ tẹ́ èmi sílẹ̀." Bàbá wò wọ́n, wọ́n gbé ọkọ́ wọn, wọ́n padà sí oko láìjẹun. Ìyá mi gbé Ràkíyá tòun ti agbọ̀n rẹ̀ lọ sábẹ́ igi ẹ̀mí níbi tí ìbòòji wà, wọ́n wọ yàrá lọ. Mo mọ̀ pé ẹkún ni wọ́n lọ sun. Mo jókòó nílẹ̀, mò ń ṣa ẹ̀wà, mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ bínú sí.

Oúnjẹ ọ̀sán Ìyá Àgbà ló wà níwájú wọn. Eyín wọn kò pọ̀ mọ́, nítorí náà ni a ṣe máa ń se iṣu wọn kó rọ̀ gan-an, a ó fi epo àti omi ọbẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí tí á fi kúnná. Wọ́n mú díẹ̀ sẹ́nu. Mo ṣàkíyèsí pé ojú Ràkíyá tẹ̀lé ọwọ́ náà láti inú abọ́ dé ẹnu wọn. Wọ́n tún mú díẹ̀. Ojú rẹ̀ tún tẹ̀lé e. Ìkẹta, Ràkíyá la ẹnu. Ó là á gbàgàdà, ó tiẹ̀ fi ohùn sí i, "Aaa!" Ìyá Àgbà dá ọwọ́ dúró lójú afẹ́fẹ́. "Sàlámátù," ni wọ́n pè mí, "pe ìyá rẹ." Mo sáré. Nígbà tí ìyá mi jáde, tí ojú wọn wú, Ràkíyá ṣì la ẹnu rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ fún un, Ìyá," ni ìyá mi wí.

"Gba abọ́. Ìwọ fún un. Ọwọ́ mi yìí, mi ò gbà á gbọ́ mọ́."

"Ọwọ́ yín ló ń wò, Ìyá."

Ìyá Àgbà fà mọ́ iwájú agbọ̀n. Wọ́n tún aṣọ ẹ̀yìn ọmọ náà ṣe, wọ́n fi ìka kan rọra tẹ orí rẹ̀ síwájú gẹ́lẹ́ bí kíné ti ṣe é. Àṣé wọ́n ti ń wò wá ní gbogbo ìgbà tí wọ́n kẹ́yìn sí wa! Wọ́n fi iṣu díẹ̀ sí orí ṣíbí. Ràkíyá gbà á. A dúró. Ọ̀fun rẹ̀ lọ sókè, ó wálẹ̀. Kò húkọ́. Ó tún la ẹnu. Ìyá mi bú sí ẹ̀rín, mo bú sí ẹ̀rín, Ràkíyá fẹ́ bá wa rín ín, Ìyá Àgbà ní kí a dákẹ́ o jàre, ṣé a fẹ́ kó pá a lórí ni. Nígbà tó jẹ díẹ̀, ìyá mi ní kí a tún gbé kókó wá, bóyá ó ti fẹ́ ẹ. Ìyá Àgbà bù ú sí ṣíbí kan náà, ọwọ́ kan náà. Ràkíyá pa ẹnu dé pátápátá, ó yí ojú kúrò. Wọ́n gbé iṣu wá, ó là á. Wọ́n gbé kókó wá, ó pa á dé.

Ìyá Àgbà gbé ṣíbí sílẹ̀. "Kò fẹ́ràn kókó," ni wọ́n wí. Wọ́n wo ìyá mi, wọ́n wo èmi, bí ẹni pé a ti mọ̀ tí a kò sọ fún wọn. "Gbogbo ìgbà tí mo ti ń rọ ọ́, kò fẹ́ràn kókó. Níbo ni ọmọ á sì ti sọ ọ́ fún mi? Mo di imú rẹ̀ mú." Omi bọ́ lójú wọn, wọn ò nù ún. Ìyá mi na ọwọ́ sí wọn ní èjìká, ohun tí mi ò rí wọn ṣe rí. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Ìyá Àgbà dìde, wọ́n gbé abọ́ kókó, wọ́n dà á sílẹ̀ fún àwọn adìyẹ, wọ́n padà wá jókòó síwájú Ràkíyá, wọ́n sì tẹ orí wọn wálẹ̀ kí ojú wọn lè bá tirẹ̀ dọ́gba.

"Ó dáa, ìyá mi," ni wọ́n wí fún un. "Kí ni nǹkan mìíràn tí o kò fẹ́?"